Omi Híhó Nínú Korobá Ọmọ Màlúù

Gbólóhùn kan péré ni Kùdírátù sọ fún Adépéjú. Ó ní, "Bí wọ́n ti ń po ẹ̀kọ mímu náà ni." Gbólóhùn náà kò gùn, kò sì ní ewu lójú. Ṣùgbọ́n ọmọ màlúù mẹ́ta ni ó pa.

Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé kí ló mú kí obìnrin tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọmọ màlúù sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kó fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi pa òun náà.

Mùsílíù ni ọkọ Kùdírátù. Ọmọ Kémta ni, láti agbo ilé àwọn oníṣòwò obì. Nígbà tí obì títà sú u, ó ra ilẹ̀ ní ẹ̀yìn Ìtòrí, ó kó màlúù oníwàrà síbẹ̀, àwọn tí baba wọn jẹ́ màlúù òyìnbó, tí ìyá wọn sì wá láti òkè ọya. Ṣéhù, Fúlàní kan tó ti pẹ́ láàárín Ẹ̀gbá débi pé ó mọ èébú wọn ju ọmọ onílẹ̀ lọ, ni ó ń fún wàrà. Ilé oúnjẹ kan ní Òkè-Ìlèwó ló ń rà á.

Bí èèyàn bá fẹ́ ta wàrà, kò lè jẹ́ kí ọmọ màlúù máa mu ún bó ṣe wù ú. Wọ́n á yà á lára ìyá rẹ̀, wọ́n á sì máa fi korobá fún un ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ọmọ màlúù kò mọ korobá. Ọmú ni ó mọ̀. Iṣẹ́ Kùdírátù nìyẹn. Á ki ìka méjì bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ọmọ màlúù á máa fà á bí ọmú, Kùdírátù á sì máa tẹ ọwọ́ náà lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí imú ẹran á fi kan wàrà. Àwọn kan á gbọ́n lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan á fi eyín họ ọ́ níka títí ọ̀sẹ̀ á fi yí. Kò bímọ. Ìka rẹ̀ méjèèjì yẹn kò sì lálàáfíà.

Ní òjò àkọ́kọ́ tí wọ́n lò níbẹ̀, àwọn ọmọ màlúù kú bí ẹní ń já èso. Ìgbẹ́ funfun ni. Ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu omi, ojú rẹ̀ á wọnú, etí rẹ̀ á tutù, ó tán. Dókítà ẹran kan, Ògúnsanwó, ni ó gbé agolo ìyẹ̀fun kan wá fún wọn. Wọ́n ya ọmọ màlúù tó sanra sí ara agolo náà, ìwé ara rẹ̀ kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ti àwọn òyìnbó mìíràn ni.

Ògúnsanwó kì í ṣe ẹni tó ń fọ́nnu. Ó jókòó lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kùdírátù, ó ní, "Ẹ̀yin ẹ ń ṣe ògì. Ṣé ẹ rí ohun tó máa ń mú un kan?"

"Mi ò rí i rí."

"Ojú kì í rí i, àmọ́ ó wà láàyè. Irú rẹ̀ ló wà nínú páúdà yìí. Ẹ bá mi fi sínú wàrà ọmọ tuntun. Wọ́n á lọ jókòó sínú ìfun rẹ̀ kí àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru tó dé. Tí àwọn ìyẹn bá dé, wọn ò ní ráyè jókòó. Ẹran náà á jẹun, oúnjẹ á sì ṣe é lára."

"Ṣé kí n sè é?"

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Ẹ má jẹ́ kí omi gbígbóná kàn án o. Wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara èèyàn ni. Bí ìka yín bá ti ń ta yín, ó ti gbóná jù. Á pa wọ́n. Wọn ò ní dìde mọ́, ìyẹ̀fun lásán lẹ ó máa fún ẹran mu."

Kùdírátù kó àwọn agolo náà sí ìdí ìkòkò amu níbi tí ilẹ̀ ti tutù. Kì í ṣe pé ikú kò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, ẹran kì í ṣe òkúta, ṣùgbọ́n èyí tó ń yè wá pọ̀ ju èyí tó ń kú lọ. Abo kan wà tí wọ́n ń pè ní Pupa. Òun ló kọ́kọ́ mu páúdà náà, nígbà tí wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n á gbẹ́ ilẹ̀ sí fún un. Ó dìde. Ó dàgbà. Tí Kùdírátù bá ń rìn lọ nínú ọgbà, á máa tẹ̀ lé e bí ajá.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Mùsílíù ti mọ́sálásí dé, ó ní àyà ń dun òun. Kí wọ́n tó kírun Àsárì, ó ti kú. Ọdún tí ìjọba sójà pààrọ̀ àwọ̀ owó ni. Wọ́n mú Kùdírátù padà sí Kémta, ó wọ opó, kò gbọdọ̀ jáde.

Àbúrò Mùsílíù kan wà tó ń jẹ́ Jùbrílù. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ilé lórúkọ, orúkọ àdàpè ni wọ́n máa ń fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n gbé Kùdírátù wọlé ní ìyàwó ni ó gbọ́ bí ọkùnrin yìí ti ń kí àlejò, tí gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ni ó bá sọ ọ́ ní Olóhùn-Iyọ̀. Nígbà náà, oríyìn ni.

Nígbà opó, Olóhùn-Iyọ̀ á wá jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá, á gbé ohùn kalẹ̀ bí ẹni tẹ́ aṣọ. "Ìyàwó wa, ẹ fọkàn balẹ̀. Igi ńlá wó, ẹ̀ka rẹ̀ ṣì ń ṣe ibòji. Omi tí ẹ̀ ń mu nígbà ayé ẹ̀gbọ́n mi, orísun rẹ̀ kò ní gbẹ. Èmi yóò máa bá yín wo oko."

Kùdírátù á sì dáhùn láti inú pé, "Ẹ ṣeun, Olóhùn-Iyọ̀." Ó gbà á gbọ́. Ohun tó bí i nínú jù lẹ́yìn náà nìyẹn, pé òun dúpẹ́.

Nígbà tó jáde opó, tó wẹ̀, tó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìtòrí, Ṣéhù ni ó pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì, kò sì lè wo ojú rẹ̀. Ìyàwó tuntun tí Jùbrílù fẹ́, Adépéjú, wà nínú yàrá Kùdírátù. Wọ́n ti di aṣọ Kùdírátù ní ìdì kan, wọ́n gbé e sí abẹ́ ìgànná.

Ó pe ẹbí jọ ní Kémta, níwájú Àlàájì Sàlàhúdíìnì, àbúrò baba ọkọ rẹ̀, ẹni tí ọ̀rọ̀ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Jùbrílù sọ̀rọ̀. Ó mú wọn la ìtàn baba ńlá wọn já, ó pa òwe tí ó tó pa lọ́jọ́ ìsìnkú, ó ní oko náà ti di ògo gbogbo ẹbí, kì í ṣe ti ẹnì kan. Kùdírátù dúró dè é kó parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Èmi ni mo tọ́ àwọn ọmọ màlúù yẹn."

Jùbrílù yíjú sí àwọn èèyàn, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ bó ṣe rí. Obìnrin tí kò bímọ rí, kí ló mọ̀ nípa ọmọ títọ́, ìbáà ṣe ọmọ màlúù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe gbogbo wọn, ṣùgbọ́n wọ́n tó. Àlàájì wúkọ́, kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nípa ìpín rẹ̀ nínú ogún, ó ní, "A óò wò ó." Kùdírátù ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí nínú ilé náà. Inú "a óò wò ó" ni wọ́n máa ń sin ẹjọ́ sí.

Kò sunkún. Ó padà sí yàrá rẹ̀ kékeré, ó gbé àtẹ ọṣẹ kalẹ̀ níwájú ilé, ó ń tà. Ó di òjò ọdún kejì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Adépéjú yọ sí i. Ó ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, ó gbé apò kan sí iwájú àtẹ.

"Ẹ kú ìjókòó o, ìyáálé mi."

"O kú ìrìn. Ṣé kò sí?"

"Ó wà, mà. Àwọn ọmọ màlúù ń ṣu funfun." Ó tú apò náà. Agolo náà ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn tó kù nídìí amu. Wọn kò tíì ṣí i. "Ṣéhù ní ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n lò, pé inú ilé ìdáná lẹ ti máa ń pò ó, òun ò wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Dókítà tó mú un wá, wọ́n ti gbé e lọ sí ìlú mìíràn."

"Ọkọ ẹ ló rán ẹ?"

Ọmọbìnrin náà kò ní ọgbọ́n irọ́. "Wọn ò mọ̀ pé mo wá. Mo ní ẹ jẹ́ ká bi ìyáálé mi. Wọ́n ní kí lẹ mọ̀."

Kùdírátù wo ẹnu rẹ̀. Ó tún gbọ́ ẹ̀rín yàrá yẹn, ó gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ni èyí àti ẹni tó ni tọ̀hún. Ó gbé agolo náà, ó yí i, ó wo ọmọ màlúù sísanra tó wà lára rẹ̀.

"Bí wọ́n ti ń po ẹ̀kọ mímu náà ni," ó ní. "Kí omi hó dáadáa. Kó hó kutukutu, kí o wá dà á lé e, kí o máa rò ó. Tó bá tutù, kí o dà á mọ́ wàrà."

"Mo rò bẹ́ẹ̀ náà," Adépéjú sọ, ara tù ú. "Omi tútù kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fún ọmọ aláìsàn."

Kò sí obìnrin kan ní gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí ì bá jiyàn rẹ̀. Omi híhó ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wọn. Ó tún kúnlẹ̀, ó fẹ́ máa lọ, ó wá rántí ohun kan. "Ẹ ṣé gan-an ni, ìyáálé mi. Ọlọ́run á ṣíjú wò yín, Ó máa fún yín lọ́mọ."

Ẹnu Kùdírátù là. Díẹ̀ ló kù kó pè é padà. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dúró síwájú àtẹ, ó fẹ́ ra ọṣẹ dúdú, ó ń béèrè èyí tó dára fún èélá ara. Nígbà tó fi máa dá a lóhùn tán, Adépéjú ti kọjá igun ilé.

Ṣéhù ni ó máa ń gbé wàrà lọ sí Òkè-Ìlèwó, á sì yà ní Kémta.

"Ìyá, akọ olójú funfun ti kú."

"Ó mu páúdà?"

"Ó mu ún. Ọmọ náà ń pò ó láràárọ̀. Omi náà ń jó o lọ́wọ́."

"Hẹn."

Nígbà tó tún yà, ó ní òmíràn ti kú. Nígbà tó yà lẹ́yìn ìyẹn, kò sọ̀rọ̀ ní ìdúró. Ó jókòó. "Ọmọ Pupa ti dùbúlẹ̀, ìyá. Àkọ́bí Pupa. Pupa ń ké lẹ́yìn ọgbà. Ọ̀gá Jùbrílù sì ti mú ìyàwó rẹ̀ bí ẹní mú olè. Ó ní orí rẹ̀ ló burú, pé ìgbà tó dé ni ikú wọ ilé ẹran. Láàárọ̀ yìí, ó gbá a létí lójú àwọn oníbàárà."

Kùdírátù ń to ọṣẹ. Ó tò ó, ó tú u, ó tún tò ó.

"Sọ fún ọkùnrin yẹn pé mo mọ ohun tó máa gba ẹran náà là," ó ní. "Kó wá síbí. Iwájú Àlàájì ni. Inú yàrá yẹn kan náà, àwọn èèyàn yẹn kan náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀."

"Jímọ̀ jìnnà, ìyá. Ọ̀tunla ni. Ẹran ò ṣẹ̀ yín."

"Mo mọ̀ pé kò ṣẹ̀ mí."

Ṣéhù di agbè wàrà rẹ̀ lókùn, ó lọ.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, yàrá náà kún. Jùbrílù wọ agbádá funfun. Adépéjú jókòó sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi ìborùn bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan. Ṣéhù dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Jùbrílù kí wọn yíká kó tó kọjú sí i. "Ìyàwó wa. Ahọ́n àti eyín ń jà, ibùgbé kan náà ni wọ́n ń padà sí. Ohun tó bá ti kọjá lára odò kì í ṣàn padà mọ́."

"Kí ló kọjá?" Kùdírátù béèrè.

"Ọ̀rọ̀ ẹnu. Afẹ́fẹ́ ni."

"Ọ̀rọ̀ wo? Sọ ọ́ ká gbọ́."

"Ìyàwó wa, ilé tí a fi itọ́ mọ…"

"Ilé wo ni wọ́n fi itọ́ mọ? Èmi ò bá ọ sọ̀rọ̀ ilé."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Àlàájì gbé ọwọ́ sókè. "Kùdírátù, kí lo fẹ́ kó sọ gan-an?"

"Ohun tó sọ níbí. Kó gbé e mì, kí gbogbo yín wò ó bó ṣe ń gbé e mì."

"Ẹ̀fẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe," Jùbrílù ní. "Àbí ọmọ ilé kò gbọdọ̀ bá ìyàwó ilé ṣeré mọ́?"

Adépéjú kò lè dúró mọ́. Ó fi orúnkún rìn wá síwájú. "Ìyáálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò mí. Ẹ sọ fún wọn pé mo ṣe é bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é. Mo sọ fún wọn pé omi náà ń hó kutukutu kí n tó pò ó, wọn ò gbà."

Jùbrílù yí ọrùn padà wẹ́rẹ́. "Bí ta ni ṣe ní kí o ṣe é?"

Ojú Adépéjú wà lára Kùdírátù, ó ń retí kó gbà á sílẹ̀.

Jùbrílù ti dìde. Ohùn iyọ̀ náà ti yọ́ dànù. "Àlàájì, ṣé ẹ gbọ́? Àjẹ́ ni ẹ fi sínú ilé. Ó rán ikú sí ẹran mi láti orí àtẹ ọṣẹ."

Kùdírátù kò jẹ́ kó rìn jìnnà. "Èmi ni," ó ní. "Ẹ jókòó, ẹ gbọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọmọ yìí. Omi híhó máa ń pa ohun tó wà nínú páúdà yẹn. Dókítà sọ fún mi, mo mọ̀ ọ́n bí mo ti mọ orúkọ mi. Mo ní kó fi omi híhó pò ó. Ohun tí ó ń fún wọn mu, òkú ni. Nígbà tí àìsàn dé, kò bá ẹnikẹ́ni nínú ilé. Orí Adépéjú kò burú. Èmi ni mo ṣe ibi. Mo fẹ́ kó dun ọkùnrin yìí, mo sì fi ẹran tí kò ṣẹ̀ mí dùn ún."

Ó mí.

"Mo ti sọ tèmi. Kò sí òwe nínú rẹ̀. Jùbrílù, sọ tìẹ."

Àwọn ìyàwó ilé tó wà lẹ́bàá ògiri fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó kan kò fi orúkọ pe ọmọ ilé rí nínú agbo ilé yẹn, láti ìgbà tí wọ́n ti fi amọ̀ mọ ọ́n. Jùbrílù wo Àlàájì, ó ń retí kí ó bínú.

Àlàájì bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún. "Obìnrin yìí ti sọ ohun tó pa," ó ní. "Ìwọ, kí lo pa?"

"Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú tó bá ti rí òkun…"

"Mi ò béèrè òwe."

Òógùn yọ sí ọrùn agbádá funfun náà. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kéré bíi ti ẹni tí wọ́n jí. "Mo gba oko náà nígbà tó wà ní opó."

"Àti kí ni?" Kùdírátù béèrè.

"Mo ní kò mọ ọmọ tọ́."

"Ṣé mo mọ̀ ọ́n tọ́?"

"Ó mọ̀ ọ́n tọ́," Jùbrílù sọ fún Àlàájì.

"Èmi ni kí o sọ ọ́ fún."

Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ mọ̀ ọ́n tọ́."

Ó dùn mọ́ Kùdírátù. Ẹni tó bá ní ẹ̀san kì í dùn kò tíì tọ́ ọ wò. Ó dùn wọ inú eegun rẹ̀, ó sì jẹ́ kó dùn mọ́ òun dáadáa kó tó gbé ẹsẹ̀. Àlàájì ní kí ó padà sí Ìtòrí, kí ilé ọmọ màlúù àti Pupa bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, kí wọ́n pín ìyókù bí Kùránì ti pín in, kí ẹnikẹ́ni má sọ "a óò wò ó" mọ́. Kùdírátù dúpẹ́. Ó wé gèlè rẹ̀ le.

"Ó yá," ó sọ fún Ṣéhù. "Ká tètè lọ, kí ọmọ Pupa lè rí nǹkan mu kí ilẹ̀ tó ṣú."

Ṣéhù kò gbéra. Adépéjú ló dáhùn, láti ilẹ̀ níbi tó kúnlẹ̀ sí.

"Ó ti kú láàárọ̀. Kí a tó jáde ni. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ ọ́, kí ẹ má baà kọ̀ láti bá wa dá sí i."

Kùdírátù di igi ilẹ̀kùn mú. Gbogbo ìgbà tó fi ń lọ́ Jùbrílù lọ́rùn nínú yàrá yẹn, òkú ni ó fi ń dúnàádúrà. Nígbà tí wọ́n dé Ìtòrí, Pupa wá bá a lẹ́nu ọgbà, ó fi imú sí i lọ́wọ́, kò sì mọ nǹkan kan, ẹran ni. Kùdírátù jẹ́ kó lá ìka náà pẹ́.

Ìyókù ṣì wà láàyè, wọ́n rù, ìrù wọn dọ̀tí. Ní àárọ̀, ó ṣí agolo tó kù, ó bu ìyẹ̀fun sínú korobá, ó da wàrà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lé e. Ó ki ìka bọ̀ ọ́.

"Ó dára," ó sọ. "Gbé e fún èyí tó wà nítòsí."

Adépéjú, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì wú, gba korobá náà. Kò gbé e fún ẹran. Ó gbé e kalẹ̀, ó ki ìka tirẹ̀ bọ inú rẹ̀, ó dúró. Kò wo ojú ìyáálé rẹ̀.

Kùdírátù ní i lọ́kàn láti sọ fún un pé kó gba òun gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu tí ó fi ní kí ó jẹ́ kí omi hó náà ni ó fẹ́ fi sọ ọ́. Ó sún sẹ́yìn, ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà fi ìka sí i títí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀.

Nígbà tó tó, Adépéjú yọ ìka náà, ó ki ìka ọ̀hún bọ ọmọ màlúù lẹ́nu, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.